Abọ́ Tí N Ò Wò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá bi mí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo ni kí n kọ́?" ẹ wá jókòó. Kì í ṣe orí àpótí yẹn o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti jẹrà. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ṣe láyé mi. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi se oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni. Wọ́n á ní, "Ṣebí oúnjẹ náà ni, ta ni ò mọ̀ ọ́n sè?" Èmi náà á ní gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sè, ẹni tó ń wò ó bóyá ọmọ jẹ ẹ́ ló ṣọ̀wọ́n. Èmi tí mò ń fọ́nnu yìí, ọmọ kan wà tí n ò wo tirẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe tò.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi, nínú agbo ilé kan lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí bàbá mi mú mi lọ bá Bàbá Kúùkù, olórí àwọn alásè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan nínú ìlú. Ìjọ Àlàdúrà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Bàbá Kúùkù wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìkòkò wà lẹ́yìn. Lọ bẹ̀rẹ̀." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Owó ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò tó ohun tí à ń fi ẹnu kàn.

Odidi oṣù mẹ́jọ ni mo fi fọ ìkòkò kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan iyọ̀. Eérú àti kànìnkànìn la fi ń ha ìdí ìkòkò nígbà náà, èékánná mi dúdú bíi ti alágbẹ̀dẹ. Bàbá ti se oúnjẹ fún òyìnbó rí, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ọmọrogùn kan tí kì í fi ro nǹkan kan, ìgúnpá wa ló wà fún. Lọ́jọ́ tí mo bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò tilẹ̀ nà mí. Ó bu ọbẹ̀ náà kún ife, ó ní kí n mu ún tán níwájú òun. Mo ń mu ún, omijé mi ń bọ́ sínú ife, iyọ̀ tún ń pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, ẹ jí mi lójú oorun kí ẹ ní kí n bu iyọ̀, n ò ní ṣì í.

Àmọ́ iyọ̀ kọ́ ló le jù lọ́wọ́ Bàbá. Abọ́ ni. Fèrèsé kan wà ní kíṣìnì wa tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ibẹ̀ ti abọ́ wọn wọlé bí wọ́n bá jẹun tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ abọ́ kankan kí Bàbá tó wò ó. Á jókòó sórí àga kékeré, á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. "Ta ló ni èyí? Ọjọ́ kẹta nìyí tó ń fi ẹran sílẹ̀. Eyín ń dùn ún. Ẹ pè é wá." Wọ́n á pè é, eyín á sì máa dùn ún lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan, abọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan padà bó ṣe lọ, ẹ̀wà kún un dẹ́múdẹ́mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ti yó ni. Bàbá kò bá a jiyàn. Ó fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó fi í síbẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ọmọ náà bú sẹ́kún: lẹ́tà ti dé láti ilé pé ìyá rẹ̀ kú, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí òun máa lọ ilé, ilé ò sì ní jẹ́ kí òun padà wá mọ́. Nígbà tó lọ tán, Bàbá yíjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, wo abọ́ ọmọ, má wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu máa ń tijú. Abọ́ kì í tijú." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo sì gbọ́ ọ lóòótọ́, ọdún púpọ̀ ni mo fi ń ṣe é.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń bọ́ ọmọ tó ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó ṣíwọ́. Bàbá ní, "Ẹni tó bá fi ẹ̀bà sínú kó tó sáré, ẹ̀bà náà ni yóò kọ́kọ́ dé òpin." Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ kọ́kọ́ máa fún wọn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀kọ tútù, àkàrà méjì. Bí wọ́n bá wá ti àárẹ̀ dé, kí èyí tó lágbára máa dúró dè wọ́n, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́, kó sì gbóná. Kò sí kúlà nígbà náà. Àpótí pákó ńlá la ní, a kó ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì kún un. A ó gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ láti orí iná, a ó rì í sínú rẹ̀ títí dé ọrùn, a ó fi àpò bò ó. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, ooru á gbá yín lójú.

Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, mo bá a lọ sí ìlú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Kúùkù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fún mi ní ọmọrogùn ìgúnpá yẹn. Ó ní, "Má fi nà wọ́n jù." Ohun tó fi dágbére fún mi nìyẹn. Ó kú kí n tó ráyè padà lọ kí i.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ríṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan tó ní họ́sítẹ̀lì, kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Igi ìdáná la kọ́kọ́ fi ń se oúnjẹ níbẹ̀, ojú wa pọ́n koko láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ̀yìn náà ni sítóòfù oníkẹrosíìnì ńláńlá dé, tí gbogbo ìrẹsì fi ń rùn bíi fìtílà. Ata tí à ń lọ̀ lórí ọlọ di ti ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe olórí kíṣìnì, àwọn ọmọ wá ń pè mí ní Màmá Kíṣìnì.

Ìjà kan ṣoṣo ni mo bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jà, lórí àwọn ọmọ eré ìdárayá náà ni. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń lu agogo oúnjẹ alẹ́. Àwọn tó ń sáré á ṣì wà ní pápá, torí pé Tíṣà Òjó tó ń kọ́ wọn kì í fẹ́ kí oòrùn pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá fi dé, wọ́n ti gbá ilẹ̀ yàrá ìjẹun, ẹ̀bà ti le bí òkúta. Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Mo ní, "Sà, ẹ ń wá ife ẹ̀yẹ, ẹ ò sì fẹ́ bọ́ ẹsẹ̀ tó fẹ́ gbà á wá." Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Láti ìgbà náà, aago mẹ́rin ni mò ń fún wọn ní oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí oúnjẹ gidi á sì dúró dè wọ́n nínú àpótí oníyẹ̀fun pákó. Fèrèsé abọ́ náà ńkọ́? Mo ní kí káfíńtà dá a sí ògiri bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́. Inú mi dùn, mo gbéra ga díẹ̀, n ò ní parọ́.

Ìgbà Sáàpù, tí ọ̀wọ́n gógó bá gbogbo nǹkan, wá dé. Ẹ̀yin ò bá a, ẹ bi àwọn òbí yín. Ìrẹsì di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ẹyin kan di ti ọmọ méjì. Àwọn ará ìta ń wá dúró sí ìdí wáyà tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, ọmọ á na àkàrà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á gbà á sá lọ. Ọ̀gá ní oúnjẹ ò gbọdọ̀ kọjá wáyà mọ́. Ta ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ? Èmi ni. Mo sì ṣọ́ ọ. Mo mú ọmọbìnrin kan pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta lọ́wọ́, mo fà á lọ bá ọ̀gá, wọ́n lé e kúrò ní họ́sítẹ̀lì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró ní yàrá ìjẹun, mo gbé ọmọrogùn Bàbá sókè, mo ní, "Ẹ ti rí i báyìí. Ẹni tó bá tún gbé oúnjẹ kọjá wáyà, ilé ló ń lọ." Rùkáyátù wà lára àwọn tó jókòó síbẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Rùkáyátù, tí gbogbo wa ń pè ní Rùká, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó tín-ín-rín, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ wa: Tíṣà Òjó rí i níbi tó ti ń sáré, ó bẹ ọ̀gá, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣáà máa sáré fún wa. Bó bá yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á ṣì wà ní kọ́nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń fi orí ẹja pamọ́ fún un.

Lọ́dún náà, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí ìgbà ooru. Èmi Àlàdúrà ni mò ń jí ṣe sààrì fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí, àwọn ènìyàn sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n ò ní pẹ́ kírun. Ọdún ìtúnu kọjá. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n wọlé padà, Rùká wá bá mi, ó kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa san ààwẹ̀ tí mo jẹ. Ẹ bá mi máa bu oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán mi sínú abọ́ yìí. Màá gbé e dání lọ sí pápá, màá fi ṣínu bí oòrùn bá wọ̀."

Abọ́ tánganran kékeré ni, ó ní ìdérí, òdòdó pupa wà lára rẹ̀. N ò bi í ní nǹkan kan. Ọmọbìnrin tó bá ní òun ń san ààwẹ̀, àgbàlagbà kì í bi í ní èwo lo jẹ. Gbogbo obìnrin ló mọ ohun tó fà á. Èmi náà sì rèé, ọmọ Àlàdúrà, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mélòó ni n ò gbà rí? Mo ní, "Ọlọ́run á gbà á, ọmọ mi." Mo bu oúnjẹ rẹ̀, mo rọ́ ọ mọ́lẹ̀ kó lè pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Aago mẹ́rin, á gbé abọ́ náà dání. Bó bá di alẹ́, á dá a padà ní fífọ̀, á tún ti nù ún gbẹ, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Gbogbo abọ́ tó ń gba fèrèsé mi wọlé, mò ń wò ó. Abọ́ Rùká nìkan ló ń padà ní fífọ̀, dípò kí n bá a wí, ńṣe ni mò ń yìn ín. Ṣebí ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í dá abọ́ àgbà padà láìfọ̀? Mo tún ń fi í bú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo Rùká, ẹ wo ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kó tó wá sílé ẹ̀kọ́." Ọmọ náà á kàn wolẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ni mò ń rí i kó jẹ lójú mi, ó sì ń jẹ ẹ́ mọ́, ọkàn mi balẹ̀.

Tíṣà Òjó wá bá mi lẹ́ẹ̀kan. "Màmá, ọmọ yín ti ń lọra o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Tíṣà, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó máa tó parí."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lọ díje ní Ọ̀yọ́ nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti pápá. Mo ń kó abọ́ jọ lọ́wọ́, mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú síbí ìbuọbẹ̀ lọ́wọ́ mi. Rùká wà nílẹ̀ ní kọ́nà, ojú rẹ̀ ṣí, kò sì rí wa. Ara rẹ̀ ń jó. Mo po gúlúkóòsì, mo rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ó ń ṣàn jáde. Mo ń sọ pé, "Ẹ fún un láyè, ààwẹ̀ ló ń gbà, inú rẹ̀ ló ṣófo."

Ìyá Lábáìká wà lẹ́yìn mi. Mùsùlùmí ni, ó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì láàárọ̀ nìkan, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Ààwẹ̀ wo?"

"Èyí tó ń san."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìtúnu."

Ó fi ìka kà á. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ keje nìyí. Ọjọ́ méje, bó pọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá, lobìnrin ń jẹ nínú ààwẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

Mo gbé ọmọ náà lé itan, mo ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá.

Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ibà ló ń bá a jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, kò sí ohun tí yóò fi bá ibà jà. Ó bi wá pé, "Ta ló ń bọ́ ọmọ yìí?" Ẹnu mi ló yá jù. Mo ní, "Èmi ni." Ó wò mí, ó tún wo ọwọ́ tín-ín-rín ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé ògì lọ bá a. Ó la ojú, ó mọ̀ mí.

"Mà, aago mélòó ti lù?"

"Ó ti kọjá aago mẹ́ta. Mu díẹ̀ nínú èyí."

"Abọ́ mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ̀lì. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi bu nǹkan sí i. Ẹ gbé e lọ sí ìdí igi máńgòrò, níbi wáyà. Ó máa ti dúró."

"Ta ló máa ti dúró?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ lọ. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi, mà."

Mo fẹ́ dáhùn. Ọlọ́run ló mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi. Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ padà wá láàárọ̀." Mo ní lọ́kàn mi pé àárọ̀ ò jìnnà.

Mo bu ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú abọ́ olódòdó pupa, mo gbé e lọ sí ìdí máńgòrò. Koríko ibẹ̀ ti pá, wáyà ti gbé sókè díẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọdébìnrin kan dúró lódì kejì, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, ó so aṣọ mọ́ ọrùn. Ó rí abọ́ kó tó rí mi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Rùká ńkọ́?"

"Òun ló rán mi. Ìwọ ńkọ́, kí lorúkọ rẹ?"

"Síkírá. Àbúrò rẹ̀ ni mí."

Mo ti abọ́ náà gba abẹ́ wáyà. Kò mú un. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Rùká máa ń kọ́kọ́ jẹ síbí kan. Á ní òun ti yó, kí n jẹ ìyókù, kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ìyá àgbà. Bí kò bá tíì jẹ, n ò kí ń gbà á."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà."

Síbí kan. Kò sí ààwẹ̀ kankan. Ẹ̀bùrú wáyà ni ọmọ náà ń gbà bọ́ ilé bàbá rẹ̀, síbí kan ló sì ń mú nínú rẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ má baà mọ̀ pé ebi ń pa òun. Mo jókòó sínú koríko, mo jẹ síbí kan níṣojú Síkírá. Ìgbà náà ló mú abọ́ náà. Láàárín bó ṣe ń jẹ, ó sọ fún mi pé ìyá wọn lọ ń ṣiṣẹ́ nínú oko olóko ní Ìkòyí-Ilé, ọjọ́ ọjà ló máa ń wá pẹ̀lú gààrí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò wá mọ́ láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí. Ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ wọn, ojú rẹ̀ ti fọ́.

Ó fi ewé tó mú dání pọ́n ìdajì oúnjẹ náà. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi lódì kejì títì, ó fọ abọ́, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi lórí ìkúnlẹ̀. Abọ́ tí mo ti ń yin Rùká lé lórí fún ọ̀sẹ̀ méje, ọwọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́ nìyẹn.

Mo sáré jí láàárọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi: màá sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti jẹun, pé kò sẹ́ni tó máa lé e, pé bí wọ́n bá fẹ́ lé e, kí wọ́n kọ́kọ́ lé èmi. Nígbà tí mo dé ọsibítù, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ṣófo, wọ́n ń ká aṣọ orí rẹ̀. Rùká ti kú ní ìdájí. Ó lọ pẹ̀lú ẹ̀rù pé wọ́n máa lé òun. Ẹni tó dá ẹ̀rù yẹn sí i lára ni mo jẹ́, èmi àti ọmọrogùn mi.

Àwọn ará ilé rẹ̀ wá gbé e, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mi ò mọ ohun tó gbé mi lọ sí ìdí máńgòrò. Síkírá ti wà níbẹ̀.

Ó ní, "Mà, mo ní kí n wá sọ fún yín pé Rùká ò ní wá lónìí. Wọ́n ti gbé e sínú ilẹ̀."

Mo na ọwọ́ gba abẹ́ wáyà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sunkún níwájú ọmọ ọdún méje, òun ló ń sọ fún mi pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Mo ní oúnjẹ kan yóò máa kọjá wáyà lójoojúmọ́, èmi ni yóò sì máa gbé e. Wọ́n ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn ò dé etí mi." Mo dúpẹ́, mo jáde. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e, nínú abọ́ olódòdó pupa yẹn, lójoojúmọ́ ni mo sì ń kọ́kọ́ jẹ síbí kan. Ọmọrogùn Bàbá, mo fi dáná. N ò na ẹnikẹ́ni mọ́, n ò sì jẹ́ kí ọmọ kankan bá mi fọ abọ́ mọ́ kí n tó wò ó, ìbáà jẹ́ ọmọ ìmáàmù tàbí ti àlùfáà.

Ìyókù kò gùn. Kúlà ńláńlá dé, a gbé àpótí oníyẹ̀fun pákó sóde, adìẹ wọ̀ ọ́, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Gáàsì dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn agbaṣẹ́ṣe láti ìta ni yóò máa se oúnjẹ wá nínú rọ́bà, abọ́ tí à ń jù nù. Mo bi wọ́n pé, "Ta ló máa wá mọ ẹni tí kò jẹun?" Wọ́n ní, "Màmá, ayé ti yí padà." Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí Ọ̀yọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá, màá kọ́ yín. Ọbẹ̀ rọrùn láti kọ́. Ojú ìwoṣẹ́ ló ṣòro, pàápàá bí ọmọ bá dára, tó ní ìwà, tó ń sọ ohun tó wù yín gbọ́. Ọmọ burúkú máa pariwo pé ebi ń pa òun, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni kí ẹ máa ṣọ́.

Síkírá ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ó ń ránṣọ ní Sábó, ó sì máa ń wá kí mi. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo se ìrẹsì àti ẹ̀wà, mo bù ú sínú abọ́ olódòdó pupa, tánganran rẹ̀ ti ń bó. Ó gbé e síwájú mi bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tó wà ní kékeré, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mà." Mo jẹ síbí kan, mo gbé e fún un, ó jẹ ìyókù. Ó dìde láti lọ fọ abọ́. Mo ní, "Gbé e wá ná." Mo wo inú rẹ̀ títí, kóró ìrẹsì kan kò ṣẹ́kù. Ìgbà náà ni mo tó ní kó máa gbé e lọ fọ̀.